Kìlómítà Kẹrìndínlógún

Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin, kò sí ìrèké tó wọ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní erékùṣù Tokunoshima tí kò kọ́kọ́ kọjá lójú Hisa Mizue. Ahéré kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, òṣùwọ̀n ńlá sì wà lábẹ́ ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Awakọ̀ á gun orí òṣùwọ̀n tòun ti ẹrù, Mizue á ka nọ́ńbà, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, á nà án jáde lójú fèrèsé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, a máa jáde wá gbá ewé ìrèké tó já sílẹ̀, ìgbà yẹn ni àlejò á tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, tí ó sì ń wọ́ ọ bí ẹni tí ń fa ọmọ tí kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kì í wo ẹsẹ̀ náà. Ìdí tí a kì í fi í wò ó ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ọmọ Hisa Eikichi ni. Ìrèké àti ọ̀dùnkún ni Eikichi ń gbìn láti fi jẹun, ṣùgbọ́n màlúù ìjà ni ọkàn rẹ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, màlúù ló ń bá màlúù jà. Èyí tó bá kọ́kọ́ yíjú padà ni wọ́n ṣẹ́gun. Màlúù tó bá ti yíjú padà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kì í sábà mú un wọ agbo mọ́, nítorí ẹ̀rù ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Ọkọ̀ alápatà ló ń wá gbé e. Láti ìgbà tí Mizue ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ gé koríko wá fún màlúù bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ibi tí koríko tó dára wà jìnnà tó kìlómítà mẹ́ta. Sísá ni ó ń sá lọ, sísá ni ó ń sá bọ̀, tòun ti ẹrù lẹ́yìn, nítorí aago ilé-ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, mo sì jẹ́ olùkọ́ irú ti àtijọ́. Láyé ìgbà náà, ọmọ kì í béèrè omi kí eré tó parí, kì í sì í jókòó kí a tó ní kó jókòó. Ní àràárọ̀ ni mo máa ń mú wọn ké e lóhùn rara pé: "Ẹni tó bá dúró, kò tíì bẹ̀rẹ̀." Mizue kò dúró rí. Kì í ṣe òun ló yá jù nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mi ò bá wí rí láàárín ọdún mẹ́ta.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilé-iṣẹ́ òwú kan ní agbègbè Osaka gbà á sí ẹgbẹ́ eléré-ìje wọn. A sìn ín dé èbúté. Ó dúró lórí ọkọ̀, ó di ìbẹ̀rẹ̀ okùn bébà aláwọ̀ méje mú, àwa dì mọ́ òpin rẹ̀ ní ilẹ̀, bí ọkọ̀ sì ti ń lọ ni okùn ń tú títí ó fi já. Èyí tó já lọ́wọ́ mi, mo ká a sínú àpótí tábìlì mi. Láàárọ̀, yóò jókòó ti ẹ̀rọ òwú. Lọ́sàn-án, yóò sáré. Àfojúsùn ẹgbẹ́ náà kò ju ọ̀kan lọ: ìje ojú títì tí àwọn obìnrin mẹ́fà máa ń sá tẹ̀lé ara wọn lóṣù kejìlá, tí wọ́n ń fi ọ̀já kan náà lé ara wọn lọ́wọ́. Nínú ìje yẹn, bí ènìyàn bá fọwọ́ kan eléré láti ràn án lọ́wọ́, ìje gbogbo ẹgbẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mizue sá a lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún kẹta. Gbogbo Nakasato, abúlé àwọn Hisa, ló péjọ sí iwájú tẹlifísàn Eikichi. Ojú rẹ̀ hàn fún bí ìṣẹ́jú kan.

Oòrùn kì í kúrò lọ́dọ̀ wa ní ìgbà òtútù, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ eléré-ìje fi ń wá ibùdó ìgbáradì sí erékùṣù. Èmi ni mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ òwú náà, lẹ́ẹ̀mẹta, pé kí wọ́n wá. Ní oṣù kejì ọdún 1994, wọ́n wá: obìnrin mẹ́sàn-án àti Kóòṣì Kuwabara, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ìjọba ìlú ta aṣọ ìkíni sí pápákọ̀ òfurufú. Eikichi àti Nobue ìyàwó rẹ̀ wà níwájú èrò. Kóòṣì kọ́kọ́ tẹrí ba fún wọn kí ó tó la ẹnu.

"Màmá Mizue, ẹ má bínú sí mi. Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yìí, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ọmọ yín ò sí nílé. Àwọn mẹ́jọ yòókù ò rí ìyá tiwọn."

"A ti gbọ́, Kóòṣì," ni Nobue wí, òun náà tẹrí ba. "Tó bá ṣe ọ̀lẹ, ẹ bá wa nà án."

"Tí kò bá yá tó," ni Eikichi sọ, "ẹ wá mú màlúù mi, ẹ so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Á yá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mizue náà rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. Ó ti rù ju bí mo ṣe rò lọ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé bí eléré ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ilé àlejò kan tó dojú kọ òkun ni wọ́n dé sí. Kóòṣì bẹ̀ mí pé kí n máa bá wọn di aago ìje mú, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, wọ́n ń wọ̀n wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Eléré kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí ó gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí: bó ṣe wúwo tó, bó ṣe sùn, ìrora, nǹkan oṣù. Kóòṣì á kà á, á lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ayako, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti Hokkaido tó ń bá Mizue gbé yàrá kan, ni alápanilẹ́rìn-ín wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n tò lórí ìlà níwájú òṣùwọ̀n, ọkọ̀ ìrèké kan sì ń kọjá lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n Mizue, ìrèké yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń wọn òun náà?"

"Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀ẹ̀kan! Tí mo bá tún ayé wá, ìrèké ni màá yà."

Ìgbà yẹn gan-an ni Nobue gba ẹ̀yìn fi ìkòkò ẹran ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti ọwọ́ alásè ilé àlejò. Ó ti fi ṣúgà dúdú sè é láti àárọ̀. Mizue ṣí ìdérí, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún un dé.

"Ẹ ṣí i díẹ̀ sí i, Ẹ̀gbọ́n," ni Ayako bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n fojú jẹ ẹ́. Ojú kì í sanra."

Wọ́n dá ìkòkò náà padà bó ṣe wá, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí Mizue kọ pé ó dùn gan-an. Nobue gbé ìkòkò náà lọ́wọ́, ó sì mọ̀ láti inú bó ṣe wúwo pé ọmọ òun purọ́.

Ọ̀nà ogún kìlómítà tí wọ́n ń sá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé Hisa. Ní àràárọ̀, Nobue á dúró lẹ́bàá òkúta tó wà lẹ́nu géètì, á tẹrí ba fún ọkọ̀ Kóòṣì. Kò pe orúkọ ọmọ rẹ̀ rí. Ọmọ náà kò wo ẹ̀gbẹ́ rí.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo tètè dé ilé àlejò. Bàtà mẹ́sàn-án wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò wọ́n dáadáa, imú wọn kọjú sí ìta. Tuntun ni gbogbo wọn nígbà tí ibùdó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ti Mizue. Ìsàlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ bó ṣe yẹ kó jẹ. Ẹsẹ̀ òsì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ rárá, àfi ní etí ìta, níbi tó ti jẹ títí dé ìpele funfun inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ ẹsẹ̀ báyìí, kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀. Bí mo ti ń dì í mú ni ó jáde wá bá mi.

"Olùkọ́, ẹ káàárọ̀. Bàtà mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Kò sí ibi tó ń dùn mí."

"Mizue. Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbàdí ni. Nínú, lókè itan. Tí mo bá dùbúlẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kẹrin?"

"Ogún kìlómítà. Ènìyàn méjì ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ lóṣù kẹta. Tí mo bá sá a láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rin, orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀."

"Bí wọ́n bá yọ ọ́ ńkọ́? Iṣẹ́ òwú ṣì wà."

"Wọn kì í lé ènìyàn, Olùkọ́. Àga ẹni ṣì máa wà níbẹ̀. Wọn ò kàn ní máa wo ibi téèyàn jókòó sí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi màlúù tó bá yíjú padà ṣe nílé wa."

Ó yẹ kí n gbé bàtà náà lọ fún Kóòṣì. Ogún ìṣísẹ̀ ni yàrá rẹ̀ jìnnà sí ibi tí mo dúró sí. Mo dá bàtà padà sáàyè rẹ̀, mo tún un tò kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, mo sì sọ ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ní ilé-ìwé: "Ọjọ́ mẹ́rin ni. Fara dà á." Ó tẹrí ba fún mi títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Eikichi wá bá mi.

"Olùkọ́, òfin ní ká má bá a sọ̀rọ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdílé ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá kàn lu ìlù."

"Ìlù wo?"

"Ti agbo màlúù. Gbogbo Nakasato ń jáde. Mo ti fi aṣọ ìṣẹ́gun bo màlúù mi. Ṣé Kóòṣì ò ní bínú?"

Mo ní Kóòṣì kò ní bínú. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo rò pé ohun tó kù fún ọmọ náà ni kó rí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú mọ́ kedere, atẹ́gùn ń fẹ́ láti òkun. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí Kóòṣì fi ń tẹ̀lé wọn, aago wà lọ́wọ́ mi. Títí dé kìlómítà kẹwàá, Mizue wà ní ipò karùn-ún, àsìkò rẹ̀ sì péye. Ní kìlómítà kẹtàlá, ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sí apá kan. Nígbà tí abúlé Nakasato yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó dẹ ẹsẹ̀ gan-an, Kóòṣì sì tú èémí jáde, ó ní, "Ó ti tán nìyẹn."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Mizue tó sọ fún mi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti pinnu láti dúró. Ó fẹ́ jókòó lórí òkúta ẹnu géètì ìyá rẹ̀, kí ó bọ́ bàtà, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ló kù. Ó ní ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí inú òun dùn ní gbogbo ibùdó náà.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Nakasato ti bo òkúta náà mọ́lẹ̀. Wọ́n tó ọgọ́ta. Ọmọdé dúró lórí òkúta, wọ́n ta aṣọ gígùn tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí sẹ́nu géètì, màlúù dúró tòun ti aṣọ pupa rẹ̀, Eikichi ń lu ìlù ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, gbogbo wọn sì ń ké igbe tí a ń ké fún màlúù tó ṣẹ́gun: "Waido! Waido!" Nobue nìkan ni kò ké. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n ti dúró síbi tí mo fẹ́ jókòó sí, Olùkọ́." Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn.

Lójú títì lọ́jọ́ náà, ó gbé orí sókè, ó sì fi eré sí i. Mo wo aago mi: kìlómítà kẹẹ̀ẹ́dógún ló yá jù nínú gbogbo èyí tó sá láàárọ̀ yẹn. "Ẹ wò ó," ni Kóòṣì wí, "ó ti jí." Mo na ọwọ́ sókè, èmi náà ké "Waido!"

Lẹ́yìn ibẹ̀, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ láàárín oko ìrèké. Àwọn ará abúlé gba àárín oko já, kí wọ́n lè tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Ní bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀ kó tó kan pátákó funfun tí a kọ mẹ́rìndínlógún sí, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi orúnkún ṣẹ́ ìrèké gbígbẹ. Ó ṣubú. Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ lọ síwájú, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nobue sáré jáde. Ènìyàn kan kígbe pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Èmi ni. Ìje kọ́ ni wọ́n ń sá lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀já, kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ọwọ́ ìyá lè bà jẹ́. Ìgbáradì lásán ni. Ṣùgbọ́n òfin náà ti wọ gbogbo wa lára láti iwájú tẹlifísàn, bí mo sì ti kígbe, ọkùnrin méjì di Nobue mú lápá, tìfẹ́tìfẹ́. Kóòṣì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ṣí fìlà lórí, ó dúró. Eikichi tún bẹ̀rẹ̀ ìlù. Gbogbo wa yí i ká, a ń bá a rìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń sunkún, a ń ké "Waido! Waido!" Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó sójú títì.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ni. Mo mọ̀, nítorí mi ò dá aago dúró.

Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ìdí pátákó nígbà tí Nobue bu ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà jẹ lọ́wọ́, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ìlù dákẹ́. A gbọ́ ohùn Mizue lábẹ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé? Ó ku díẹ̀."

Bàálù ìrọ̀lẹ́ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní Kagoshima, èmi náà sì bá wọn lọ. Dókítà sọ pé ọrùn egungun itan ló dá, pé ó ti sán láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé bí ó bá ti sinmi nígbà náà, ì bá san fúnra rẹ̀. Ó ní egungun arúgbó ni ọmọ náà gbé kiri, nítorí ebi. Ó béèrè ìwé rẹ̀. Kóòṣì gbé e wá fúnra rẹ̀, a sì jọ kà á. Lábẹ́ ìrora, ojoojúmọ́ ni ó kọ pé "Kò sí," irọ́ sì ni. Lábẹ́ nǹkan oṣù, oṣù méjìdínlógójì ni ó kọ pé "Kò sí," òtítọ́ sì ni. Òǹtẹ̀ pupa wà lára gbogbo wọn. Kóòṣì fi ọwọ́ bo ojú. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n ní ó ń ta irinṣẹ́ oko níbì kan ní Okayama.

Ilé-iṣẹ́ òwú fi òdòdó ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé tí a ti kọ tán pé Mizue fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kúrò. Ó fọwọ́ sí i lórí ibùsùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀méjì, ẹsẹ̀ sì kúrú. Ó padà wálé nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sí okùn bébà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí a ké. Nígbà ìwọ́wé, màlúù Eikichi yíjú padà nínú agbo. Ọkọ̀ alápatà wá lọ́jọ́ kejì, Eikichi sì lé e padà lẹ́nu géètì. Ó bọ́ màlúù náà títí ọjọ́ ogbó fi pa á, ó sì gbọ́ ẹ̀gàn. "Ẹ bi màlúù náà bóyá ó fẹ́ fi ìyókù ọjọ́ rẹ̀ kọrin," ni wọ́n ń sọ. Eikichi kò lu ìlù mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ eléré ṣì ń wá lóṣù kejì. Ọ̀nà wọn ń gba iwájú ilé-iṣẹ́ ṣúgà kọjá báyìí, Mizue sì máa ń ti fèrèsé ahéré rẹ̀ bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án kan, ọkọ̀ ìrèké mẹ́fà wà lórí ìlà. Àwọn eléré kọjá. Ọ̀kan gbẹ́yìn, ọmọbìnrin tí kò lè ju ogún ọdún lọ. A kò tíì rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Mizue wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ó fi òǹtẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé àárín títì, ó sì gbá ọmọ náà mú lápá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ tú mi sílẹ̀! Ta ni yín? Ta ló rán yín?" Ọmọ náà ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láyà. "Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi! Ẹ ti fọwọ́ kàn mí!"

"Mo ti fọwọ́ kàn ọ́," ni Mizue wí. "Ó ti tán. Jókòó."

Awakọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìlà fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀. "Ìyá olóṣùwọ̀n, ṣé ìrèké mi ni kó gbẹ tán síbí?" Mizue kò tú ọwọ́ sílẹ̀ títí ọmọ náà fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó sì ń sunkún. Nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ padà wá gbé e, kóòṣì wọn bú Mizue níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba ìlú. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà pe Mizue, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ mọ́. A kò gbọ́ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀ ọmọ náà títí di òní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ lọ tán, Mizue padà wọlé, aṣọ rẹ̀ ti ya lọ́rùn. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń ṣe. Mo dìde, mo dúró níwájú fèrèsé.

"Ẹ sún díẹ̀, Olùkọ́," ni ó wí. "Ẹ dí mi lójú." Ó ṣí fèrèsé, ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó sì lu òǹtẹ̀.